Bí A Ṣe Ń Tú Kráńkì Honda CG125 Tí A Ó Sì Tò Ó Padà Nílé

Kráńkì ni irin tó ń sọ ìlọsókè-sódò pístìn di yíyí. Ti alùpùpù CG125 kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Wíìlì òsì wà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, wíìlì ọ̀tún wà pẹ̀lú ọ̀pá tirẹ̀, píìnì kan so àwọn méjèèjì pọ̀, kọ́ńrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so pístìn mọ́ kráńkì) wà lára píìnì náà, bẹ́árìn onírólà sì wà láàárín wọn. Kò sí bóòtì níbẹ̀, kò sí nọ́ọ̀tì. Píìnì tóbi díẹ̀ ju ihò tó wọ̀ lọ, ìfúnpọ̀ yẹn nìkan ló dì í mú. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé tú nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kó rọrùn láti bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kánjú.

Honda gbé ẹ́ńjìnnì yìí jáde ní 1976. Àwọn orílẹ̀-èdè tí alùpùpù ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìtọ́jú, ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fi ṣéènì gbé káàmù (irin tó ń ṣí fáàfù) lọ sókè orí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi káàmù sísàlẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá gbọọrọ méjì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá fáàfù. Ihò sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 56.5 mm, ìrìn pístìn jẹ́ 49.5 mm. Ọdún 1976 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Honda ní Manaus, ní Brazil, bẹ̀rẹ̀ sí í to CG. Àwọn ará Ṣáínà wo àwòrán ẹ́ńjìnnì yìí ṣe tiwọn, èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kadà lóde òní. Tí ẹ bá rí 156FMI lára ẹ́ńjìnnì ọlọ́pàá gbọọrọ bẹ́ẹ̀, CG125 ti Ṣáínà nìyẹn. 162FMJ ni ti 150. Ọ̀nà ìtúnṣe kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀yà ara wọn kò fi gbogbo ìgbà dọ́gba. A óò padà sórí ìyẹn.

Ẹni tó ní prẹ́ẹ̀sì tó sì ní gééjì lè ṣe iṣẹ́ yìí nílé. Ẹni tó ní òòlù nìkan kò lè ṣe é, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ le tó.

Ṣé kráńkì ló ń dún lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti tú palẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo fáàfù) lásán ló ṣí. Ẹ kọ́kọ́ fetí sí i. Tápẹ́ẹ̀tì máa ń dún ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́ lókè, ìró tín-ín-rín. Pístìn tó láàyè jù nínú sílíńdà máa ń dún nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bó bá ti gbóná, ìró náà á dínkù. Kọ́ńrọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ ń dún kó-kó-kó láti ìsàlẹ̀, ó wúwo, ó sì máa ń burú sí i nígbà tí alùpùpù bá ń gun òkè tàbí tó gbé ẹrù. Bẹ́árìn ẹ̀gbẹ́ kráńkì kì í kan bí òòlù. Ńṣe ló máa ń kùn, tí ẹsẹ̀ ẹni á sì gbọ̀n lórí ìtẹ̀sẹ̀.

Ìdánwò tó dájú ni kí ẹ ṣí orí ẹ́ńjìnnì àti sílíńdà. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ìdí kọ́ńrọ́ọ̀dù dáadáa, nítorí ọ́ìlì tó nípọn lè fi àlàfo pamọ́ fún ọwọ́. Ẹ gbé pístìn dé òkè pátápátá, ẹ fọwọ́ méjèèjì di kọ́ńrọ́ọ̀dù mú, kí ẹ fà á lóròó, kí ẹ tì í padà, láìjẹ́ kí wíìlì yí. Kò yẹ kí ẹ mọ ohunkóhun lọ́wọ́. Tí ẹ bá gbọ́ tọ́, tó kan irin, ó ti jẹ. Bí ẹ bá fi gééjì wọ̀n ọ́n, 0.05 mm lóròó ti tó láti kọ̀ ọ́.

Ti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ yàtọ̀. Ó yẹ kí kọ́ńrọ́ọ̀dù lè rìn díẹ̀ sí òsì àti ọ̀tún. Bí kò bá rìn, ọ́ìlì kò ní rí ibi gbà. Àlàfo tó wà láàárín 0.10 mm sí 0.35 mm dára. Tó bá ti ju 0.60 mm lọ, nǹkan ti jẹ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń mi kọ́ńrọ́ọ̀dù sí òsì àti ọ̀tún báyìí, tí wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, tí wọ́n á sì mú kí olówó ra òmíràn. Àlàfo òró ni kí ẹ fi ṣèdájọ́.

Àwọn irinṣẹ́

Prẹ́ẹ̀sì oníjáàkì tó lè tẹ tọ́ọ̀nù 12 ó kéré tán. Tọ́ọ̀nù 20 ló fi ọkàn ẹni balẹ̀. Wẹ́ńdà tó mọṣẹ́ lè fi irin U tó nípọn kan férémù rẹ̀, kí ẹ wá gbé jáàkì ìgò sínú rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ méjì tó nípọn, tó lè wọ àárín wíìlì méjèèjì. Bùlọ́ọ̀kù onígun V méjì tó dọ́gba, àti ibi pẹrẹsẹ tí wọn yóò jókòó lé. Gíláàsì tó nípọn tàbí ojú tábìlì ẹ̀rọ àtijọ́ lè ṣe é. Gééjì olójú aago méjì tó lè ka 0.01 mm (ẹyọ kan tó, ṣùgbọ́n ẹ óò máa gbé e kiri). Màíkíròmítà, kálípà, ewé fílà (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo), rúlà irin tó tọ́ gan-an. Òòlù bàbà tó tó kílò kan. Púlà mágínẹ́ẹ̀tì, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì elẹ́yín mẹ́rin fún nọ́ọ̀tì ilé ìdọ̀tí ọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ wọ awò ojú nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀. Píìnì tó fún máa ń bú gbàù bó bá já kúrò, irin kékeré sì lè ta sí ojú.

Yíyọ ọ́ jáde

Ẹ da ọ́ìlì nù sínú bàsíà mímọ́, kí ẹ wò ó lójú oòrùn. Bí irin kéékèèké bá ń dán nínú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé gbogbo ọ̀nà ọ́ìlì, pọ́ńpù àti ilé ìdọ̀tí ni ẹ óò fọ̀, láìṣẹ́ ọ̀kan kù.

Lẹ́yìn orí àti sílíńdà, ẹ ká aṣọ mímọ́ dí ẹnu ẹ́ńjìnnì kí okùn irin tó di píìnì pístìn mú má bàa já sínú. Apá ọ̀tún ni kílọ́ọ̀ṣì, ilé ìdọ̀tí àti jíà wà. Apá òsì ni mágínẹ́ẹ̀tì àti jíà káàmù. Tí ẹ bá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì tó le, ẹ fi aṣọ tó nípọn há àárín jíà méjì. Ẹ má ṣe fi ọ̀pá há kọ́ńrọ́ọ̀dù mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ó lè tẹ̀. Púlà nìkan ni kí ẹ fi yọ mágínẹ́ẹ̀tì. Òòlù tí wọ́n ń lù ú yìí máa ń là á, bí kò bá sì là, á yí wíìlì kráńkì kúrò lójú ọ̀nà. Púpọ̀ nínú kráńkì tó wọ́, ibẹ̀ ló ti wọ́.

Kí ẹ tó yọ jíà káàmù, ẹ wo àmì tó wà lára rẹ̀ àti lára jíà kráńkì, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn 162FMJ kan tún ní ọ̀pá amúdọ́gba tó ń dín gbígbọ̀n kù. Òun náà ní àmì tirẹ̀. Ẹ yọ gbogbo bóòtì tó so ilé ẹ́ńjìnnì méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi òòlù rọ́bà gbá wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yíká. Bí kò bá ṣí, bóòtì kan ṣì wà tí ẹ kò rí. Ẹ má ki skrudráfà bọ àárín wọn, ojú ibẹ̀ ni gáskẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé, bí ẹ bá ha á, ọ́ìlì á máa jò níbẹ̀ títí.

Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì wà lódindi

Àwọn tó ń kánjú máa ń fo ibí yìí, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tò ó padà ni wọ́n ń mọ̀ pé ìwọ̀n kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ẹ fi kálípà wọn fífẹ̀ kráńkì láti ẹ̀yìn wíìlì òsì dé ẹ̀yìn wíìlì ọ̀tún, ní etí tó sún mọ́ píìnì àti ní etí tó dojú kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo orí píìnì, bóyá ó dọ́gba pẹ̀lú ojú wíìlì tàbí ó wọlé díẹ̀. Ẹ wọn ìyẹn náà. Ẹ fi ẹnu irin fa ìlà kan gba etí wíìlì méjèèjì kọjá, ní ìdojúkọ píìnì. Ìlà yìí kò ní sọ kráńkì di títọ́, ṣùgbọ́n yóò fi ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ọ̀pá méjèèjì wò: tírẹ́ẹ̀dì, ojú ibi tí kíì ń jókòó sí, ojú tí bẹ́árìn ń wọ̀. Bí bẹ́árìn bá ti ń yí lórí ọ̀pá tí ibẹ̀ sì ti dán bíi dígí, tí bẹ́árìn tuntun ń wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lásán, wíìlì yẹn ti parí iṣẹ́. Kọ́ńrọ́ọ̀dù tuntun kò lè gbà á là.

Títú

Ẹ gbé irin pẹlẹbẹ méjèèjì bọ àárín wíìlì, kí wọ́n sún mọ́ píìnì débi tí kọ́ńrọ́ọ̀dù bá gbà, ọ̀kan lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún. Wíìlì òkè ni yóò jókòó lé wọn. Bí irin náà bá jìnnà sí píìnì, wíìlì á tẹ̀ kí píìnì tó sún. Ẹ fi irin líle kan tó kéré ju píìnì lọ ní ìdajì mílímítà sórí píìnì, kí ẹ rí i pé ó dúró lóròó. Ẹ máa fa jáàkì díẹ̀díẹ̀. Ó lè dà bíi pé kò ní sún. Lẹ́yìn náà, á já. Ẹ ti fi aṣọ tàbí igi rírọ̀ sísàlẹ̀, kí wíìlì tó ń bọ̀ má bàa fi ọ̀pá rẹ̀ sọlẹ̀.

Tí kò bá sún rárá ní tọ́ọ̀nù 15, ẹ dúró. Ẹ wò ó bóyá ẹnìkan ti wẹ́ẹ̀dì orí píìnì rí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ bá tọ́ọ̀nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) kó gé wẹ́ẹ̀dì náà kúrò lórí lẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ipá tẹ̀ ẹ́.

Rírà kọ́ńrọ́ọ̀dù

Odindi ni wọ́n ń tà á: kọ́ńrọ́ọ̀dù, píìnì, bẹ́árìn onírólà, àti fáṣà ẹ̀gbẹ́ fún èyí tó bá ń lò ó. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Kí ẹ má kàn béèrè “ti CG”. Ẹ fi kálípà wọn nǹkan márùn-ún: gígùn láti àárín ihò kan dé àárín ihò kejì, ihò òkè (15 mm ni ti píìnì pístìn CG125), fífẹ̀ ìdí kọ́ńrọ́ọ̀dù, yíyípo píìnì, àti gígùn píìnì. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ dá a padà fún oníṣòwò. Gígùn tó fi mílímítà kan pọ̀ jù lè jẹ́ kí pístìn kan orí.

Ayédèrú pọ̀. Ẹ wo rólà bẹ́árìn náà lójú iná: ojúlówó máa ń dán lọ́gbọọgba, etí rólà á sì yí díẹ̀, kò ní gé ṣánṣán. Ẹ fi màíkíròmítà wọn rólà mẹ́ta-mẹ́rin. Bí wọ́n bá fi ju 0.003 mm lọ yàtọ̀ síra, rólà tó tóbi jù á dá gbé gbogbo ẹrù, á fọ́. Ẹ wo ihò ọ́ìlì lára píìnì bóyá wọ́n gbẹ́ ẹ já lóòótọ́, kí ẹ fẹ́ ẹ lẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ jáde ní apá kejì. Píìnì tí ihò rẹ̀ dí láti ilé iṣẹ́ kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Nípa fífún píìnì: ó yẹ kí píìnì fi nǹkan bíi 0.06 sí 0.10 mm tóbi ju ihò wíìlì lọ. Ẹni tí kò bá ní gééjì inú ihò lè lo àyẹ̀wò yìí: ẹ fi ọwọ́ ti píìnì sínú ihò. Bí ó bá wọlé rárá, ihò náà ti gbòòrò. Nígbà náà, wíìlì mìíràn ni ẹ nílò, tàbí píìnì tí tọ́ọ̀nà rọ́ fún un láti irin líle tó yẹ. Àwọn kan máa ń fi páńṣì gún ara píìnì kó lè há, àwọn mìíràn máa ń ká awẹ́ agolo mọ́ ọn. Ìdì bẹ́ẹ̀ kì í dúró. Ibi tí páńṣì gún nìkan ló ń kan ihò, ìyókù jẹ́ òfìfo, wíìlì á sì yí lórí píìnì nígbà tí ẹ bá fi gíà kìíní gbéra pẹ̀lú èrò méjì lẹ́yìn.

Ihò ọ́ìlì

Ẹ̀yin tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú CG, pọ́ńpù ń ti ọ́ìlì gba orí ọ̀pá ọ̀tún kráńkì wọlé. Ọ́ìlì á gba ilé ìdọ̀tí tó ń yí pẹ̀lú kráńkì kọjá, níbi tí eruku irin ti ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Á wọ inú ọ̀pá, á gba ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú wíìlì ọ̀tún, á bọ́ sínú píìnì, á sì jáde láàárín píìnì sí ara rólà. Ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ píìnì wọlé tí ihò rẹ̀ kò bá ti wíìlì ọ̀tún mu, tàbí tí ẹ fi orí rẹ̀ kejì síwájú, ẹ ti dí ọ̀nà náà pa. Ẹ́ńjìnnì á jí, á dún dáadáa, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ńrọ́ọ̀dù á di aláwọ̀ búlúù, á há. Gbogbo owó ti jóná.

Nítorí náà: ẹ fi páìpù sírínjì ta kẹrosíìnì sínú ihò wíìlì, kí ẹ wo ibi tó ti jáde. Ẹ fi máákà fa ìlà láti ibẹ̀ wá sí ojú wíìlì níta. Ẹ fa ìlà kejì sí orí píìnì ní ìdojúkọ ihò tirẹ̀. Ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé kí prẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí píìnì bá ti há, kò sí yíyí mọ́. Ẹ tún wọ̀n bí píìnì yóò ṣe jìn tó, torí ihò lè pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má pàdé ní jíjìn.

Títẹ̀ ẹ́ padà

Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ọwọ́ má rí yanrìn kankan. Ẹ fi píìnì sínú fírísà mọ́jú, bí iná bá wà. Ó máa ń súnkì díẹ̀, ó sì ń dín wàhálà kù. Wíìlì ọ̀tún lẹ ó kọ́kọ́ fi píìnì sí. Ẹ ta ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò, ẹ gbé píìnì lé e, ìlà sí ìlà, kí ẹ fi igun irin wò ó pé ó dúró lóròó ní apá méjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní mílímítà méjì péré, ẹ tún wò ó. Bí ó bá ti fẹ̀gbẹ́, ẹ yọ ọ́ kí ó tó gé ara ihò. Bí ó bá dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí ẹ ti kọ sílẹ̀.

Ẹ fi sírínjì ta ọ́ìlì gba orí ọ̀pá ọ̀tún wọlé. Ó gbọ́dọ̀ sun jáde láàárín píìnì. Bí kò bá sun, ẹ yọ píìnì náà nísinsìnyí tó ṣì rọrùn.

Ẹ to fáṣà, rólà àti kọ́ńrọ́ọ̀dù sí i, kí gbogbo wọn rin fún ọ́ìlì. Ẹ wá gbé wíìlì òsì lé e lórí. Ẹ gbé rúlà irin lé etí wíìlì méjèèjì ní ọ̀tún àti òsì píìnì, bí aago mẹ́ta àti aago mẹ́sàn-án nígbà tí píìnì bá wà ní aago méjìlá. Kí rúlà jókòó pẹrẹsẹ, kí iná má kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní mílímítà mẹ́ta, kí ẹ tú prẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, kí ẹ fi rúlà wò ó. Níbí, òòlù bàbà lè dá a padà pẹ̀lú ìlù kan. Bó bá ti wọlé tán, ìlù mẹ́wàá lè má tó. Ẹ fi ewé fílà 0.20 mm sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńrọ́ọ̀dù, kí ẹ máa tẹ̀ títí ewé náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Ẹ yọ ọ́, ẹ wọn fífẹ̀ kráńkì. Ó yẹ kó bá èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ mu. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kọjá tí kọ́ńrọ́ọ̀dù há, ẹ óò fi wẹ́ẹ̀jì là á padà, iṣẹ́ náà á sì di ìlọ́po méjì.

Títọ́ ọ

Kráńkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú prẹ́ẹ̀sì kì í tọ́. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, ìdajì iṣẹ́ ló sì kù yìí. Ẹ gbé e lé bùlọ́ọ̀kù V, kí ojú tí bẹ́árìn ń wọ̀, lẹ́bàá wíìlì, jókòó sínú V. Ẹ má fi bẹ́árìn àtijọ́ ṣe ìjókòó, àlàfo inú rẹ̀ á purọ́ fún yín. Ẹ gbé ọwọ́ gééjì kan lé òkè ọ̀pá òsì níta, òmíràn lé òkè ọ̀pá ọ̀tún, níbi tó dán, kì í ṣe lórí tírẹ́ẹ̀dì. Ẹ yí kráńkì jẹ́jẹ́, kí ẹ máa wo ibi tí píìnì wà nígbà tí ọwọ́ gééjì bá ga jù lọ. Gbogbo ìrìn ọwọ́ gééjì, láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè rẹ̀, ni ìwọ̀n wíwọ́. 0.10 mm ni òpin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ máa lépa 0.03 mm, ọwọ́ tó fara balẹ̀ máa ń débẹ̀.

Wíwọ́ méjì ló wà.

Èkíní, wíìlì kan ti yí díẹ̀ lórí píìnì. Ẹ óò rí i pé ọwọ́ gééjì ga jù nígbà tí píìnì wà ní ẹ̀gbẹ́, aago mẹ́ta tàbí mẹ́sàn-án, àti pé bí ti òsì ṣe ń lọ sókè ni ti ọ̀tún ń lọ sílẹ̀. Rúlà ló ń sọ èyí tí ẹ óò lù: etí wíìlì tó yọ jù ní ẹ̀gbẹ́ yẹn ni. Ẹ gbé kráńkì kúrò lórí V, kí ẹ di wíìlì kejì mú, kí ẹ fi òòlù bàbà lu etí tó yọ náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó le. Ìlù kan tó le sàn ju ogún tó rọra lọ. Ẹ gbé e padà, ẹ wọ̀n ọ́n.

Èkejì, wíìlì méjèèjì kò dojú kọ ara wọn dọ́gba: etí tó jìnnà sí píìnì ti pa pọ̀ tàbí ó ti là. Níbí, gééjì méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ga jù nígbà tí píìnì wà nísàlẹ̀, wíìlì ti pa pọ̀ ní ìdojúkọ píìnì. Ẹ fi wẹ́ẹ̀jì, ìyẹn irin tó fẹ́lẹ́ lẹ́nu bí àáké, sáàárín wọn níbẹ̀, kí ẹ gbá a wọlé díẹ̀. Bí wọ́n bá ga jù nígbà tí píìnì wà lókè, wíìlì ti là ní ìdojúkọ píìnì. Ẹ fi fáìsì tó lágbára fún etí ibẹ̀ pọ̀. Kálípà tí ẹ fi wọ̀n ní etí méjì yóò jẹ́rìí sí ohun tí gééjì sọ.

Tí wíwọ́ méjèèjì bá pọ̀ mọ́ ara wọn, èyí tó ń yí lórí píìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò, torí òun ló ń da ìkà èkejì rú. Ẹ má lu orí ọ̀pá láé. Ẹ má sì lu kráńkì nígbà tó bá wà lórí bùlọ́ọ̀kù V, ẹ óò ha ojú ibi tí bẹ́árìn ń jókòó.

Tó bá ti tọ́, ẹ ta ọ́ìlì gba ọ̀pá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó sun jáde ní ìdí kọ́ńrọ́ọ̀dù. Kọ́ńrọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ já bọ́ fúnra rẹ̀ tí ẹ bá gbé e sókè tí ẹ fi sílẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń wẹ́ẹ̀dì orí píìnì kí ó má bàa yí. Fún CG125 tí ihò rẹ̀ ṣì fún, kò pọn dandan, ó sì ń ba nǹkan jẹ́: ooru wẹ́ẹ̀dì ń fa wíìlì, kráńkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ sí 0.03 mm á wọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú á kọ́kọ́ gé e. Bí ìdì bá dára, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìdì kò bá dára, wẹ́ẹ̀dì kò ní tún ihò ṣe.

Bẹ́árìn àti títò ẹ́ńjìnnì

Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára bẹ́árìn àtijọ́, kí ẹ ra irú rẹ̀ gan-an. Bí C3 bá wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà, C3 ni kí ẹ rà. Àlàfo inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ti gbogbo ayé lọ, torí pé bẹ́árìn á fún nígbà tó bá wọlé, á sì gbóná. Ẹ gbé ilé ẹ́ńjìnnì sórí ààrò iná mànàmáná títí omi tí ẹ bá ta sí i yóò fi hó fò lọ, nǹkan bí ìwọ̀n ooru 100. Bẹ́árìn tó ti wà nínú fírísà á já wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ má fi iná gáàsì jó ojú kan, álúmíníọ́mù á wọ́. Èyí tó ń jókòó sórí ọ̀pá, ẹ gbóná bẹ́árìn náà nínú ọ́ìlì gbígbóná, kí ẹ sọ ọ́ sórí ọ̀pá. Bí ẹ bá nílò láti tẹ̀ ẹ́, orúka inú ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ sì fi irin gbé wíìlì ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan, kí agbára má gba píìnì kọjá.

Ẹ to gáskẹ́ẹ̀tì tuntun. Sílíkọ́ònù tó pọ̀ jù máa ń ya wọ ihò ọ́ìlì, ẹ má lò ó níbi tí gáskẹ́ẹ̀tì bá ti wà. Bí ẹ bá ń dí bóòtì, ẹ máa yí kráńkì. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í le ni kí ẹ dúró wá ìdí rẹ̀. Àmì jíà káàmù àti ti kráńkì gbọ́dọ̀ pàdé. Ẹ ṣí ilé ìdọ̀tí, kí ẹ fi igi ha ẹrẹ̀ dúdú inú rẹ̀ kúrò, nítorí ẹ́ńjìnnì yìí kò ní fíltà oníbébà. Ibẹ̀ àti àwọ̀n nìkan ló ń sẹ́ ọ́ìlì. Kí ẹ tó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pa, ẹ fi sírínjì kún ọ̀pá kráńkì àti ilé ìdọ̀tí fún ọ́ìlì.

Ẹ wọn ẹnu ríńgì nínú sílíńdà: 0.15 sí 0.35 mm. Sílíńdà tó ti jẹ, ẹ gbẹ́ ẹ, kí ẹ fi pístìn tó bá a mu sí i. Tápẹ́ẹ̀tì jẹ́ 0.08 mm fún méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù.

Kíìkì àkọ́kọ́

Ẹ da ọ́ìlì 20W-50 ti alùpùpù sí i, nǹkan bíi lítà kan, kí ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n wò ó. Ọ́ìlì mọ́tò kan wà tó máa ń mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀, torí inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ kíìkì ní ìgbà ogójì láìjẹ́ kó jí, kí ọ́ìlì lè dé ibi gbogbo. Ẹ dá pọ́lọ́ọ̀gì padà. Bí ó bá jí, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wo bóyá ó ń jò.

Fún kìlómítà 500 àkọ́kọ́, ẹ má gbé èrò méjì, ẹ má fi gíà tó ga gun òkè kí ẹ́ńjìnnì máa kérora, ẹ má sì fa ọwọ́ rẹ̀ dé òpin. Ẹ da ọ́ìlì nù ní kìlómítà 100, kí ẹ tún dà á nù ní 500. Ìràwọ̀ irin tó kéré bí ìyẹ̀fun nínú ti àkọ́kọ́ kò burú, ríńgì tuntun ló ń fi ara ha. Tó bá jẹ́ awẹ́ irin tó ṣeé fi ìka mú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ má jí i mọ́ títí ẹ ó fi ṣí ilé ìdọ̀tí wò, kí ẹ sì yẹ ihò ọ́ìlì wò láti ìbẹ̀rẹ̀.